Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Wá Ibi Tí Yóò Ti Ṣe IT

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwà ọmọlúàbí ni a sábà máa ń fi òwe yìí tọ́ka sí, pé ohun tí ọmọ kò bá ní nínú ilé, kò lè rí i fi hàn láwùjọ. Lójú tèmi, kò síbi tí òwe náà ti wúlò tó iwájú àwọn ẹnjiníà tó ń fọ̀rọ̀ wá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà á fún IT, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ fún oṣù díẹ̀ nílé iṣẹ́. Ní Ìkòròdú níbí, àwọn ọmọ LASUSTECH, tí a mọ̀ sí Laspotech kó tó di yunifásítì ní 2022, máa ń gbé lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ wọn káàkiri àwọn ilé iṣẹ́ Odongunyan, ẹ̀rù ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì máa ń hàn lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ wa. Nígbà tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, gbé SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe IT, kalẹ̀ ní 1973, ohun tó fà á ni pé àwọn tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga gbọ́ ìwé ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tíì mọ iṣẹ́. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó retí pé kí ẹ ti mọ iṣẹ́ tán kí ẹ tó dé. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ohun tí ẹ kọ sínú ìwé yín pé ẹ ti ṣe jẹ́ tiyín lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó kọ ọ́ pé òun ti bá wọn so inverter mọ́ iná ilé. Ẹnjiníà lè bi í pé bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah yóò gbé ẹrù 100 wáàtì fún wákàtí mélòó. Ẹni tó mọ ìṣirò nìkan yóò sọ 12 di ìlọ́po 100, yóò rí 1,200, yóò fi 100 wáàtì pín in, yóò sì dáhùn pé wákàtí 12. Ìṣirò náà kò ṣì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà yóò béèrè irú bátìrì tó jẹ́, nítorí pé bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi òjé ṣe, a kì í fà á kọjá nǹkan bí ìdajì bí a bá fẹ́ kó tọ́jọ́, inverter fúnra rẹ̀ sì máa ń jẹ díẹ̀ nínú iná. Yóò wá sọ pé nǹkan bíi wákàtí 5 ni. Ẹ jókòó ti iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ ti ṣe, kí ẹ bi ara yín ní ìdí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀: kí ló dé tí wáyà fi nípọn tó bẹ́ẹ̀, kí ló bàjẹ́, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Iṣẹ́ kan tí ẹ mọ̀ dénú sàn ju mẹ́wàá tí ẹ gbọ́ orúkọ wọn lọ.

Ohun kan wà tó ń dùn mí. Ẹ̀kọ́ ilé kọ́ wa láti má ṣe yin ara wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́, tó jẹ́ pé “a ṣe é, a ṣe é” ló ń wí títí ìjókòó fi parí, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ apá tó jẹ́ tirẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga láti sọ pé, “Ẹ̀yin ọ̀gá, àwa mẹ́rin la ṣe é, èmi ni mo yàwòrán rẹ̀, èmi ni mo sì jó irin rẹ̀ pọ̀.”

Bí ìbéèrè tí ẹ kò mọ̀ bá dé, ẹ má ṣe parọ́. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ká ní wọ́n bi yín pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ iná Egbin sétí ọ̀sà. Ẹ lè ṣàìtíì débẹ̀ rí, síbẹ̀ ẹ lè sọ ìrònú yín jáde létí wọn: ẹ̀rọ 6 ló wà níbẹ̀, 220 mẹ́gáwáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 1,320, iná gáàsì ló ń sọ omi di ooru omi (steam), ooru yìí ló ń yí ẹ̀rọ, ooru náà gbọ́dọ̀ tutù padà di omi, omi púpọ̀ ló sì lè mú un tutù. Ìrònú yẹn gan-an ni ẹni tó jókòó síwájú yín fẹ́ gbọ́.

Bó bá jẹ́ Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti pè yín, ẹ tètè kúrò nílé nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12. Nígbà tí wọ́n bá sì ní kí ẹ béèrè ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ béèrè ẹ̀rọ tí wọn yóò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn, àti ẹni tí yóò máa yẹ ìwé àkọsílẹ̀ SIWES yín wò, nítorí pé oṣù mẹ́fà pọ̀ jù láti fi máa ra oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́.