Sátidé ni kí a ti máa se oúnjẹ alẹ́ Ọjọ́rú

Èrò ọkàn mi rèé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, àti lẹ́nu àwọn ọkọ wọn náà, pé kò ṣeé ṣe mọ́ láti máa se oúnjẹ gidi nílé láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n á ní ọ̀nà jìn, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kì í jẹ́ kí èèyàn tètè délé, iná ọba kò dúró, gáàsì ti wọ́n. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo sì mọ bí Ìwó Road ṣe máa ń rí ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ibẹ̀ ni ìṣòro náà wà. Ohun tó ń dá wa lágara ni pé a ti sọ oúnjẹ alẹ́ di iṣẹ́ alẹ́, a sì tún sọ ọ́ di iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Obìnrin á ti ibi iṣẹ́ dé, á ju báàgì sílẹ̀, ìgbà yẹn ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ata, tí á máa wá àlùbọ́sà, tí á gbé ẹran kaná. Kí ọbẹ̀ tó jinná, agogo mẹ́sàn-án ti lù, àwọn ọmọ ti sùn sórí àga. Ta ló lè ṣe ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé ìparí rẹ̀ tí kò ní rẹ̀ ẹ́?

Èmi gbà pé ọjọ́ Sátidé ló yẹ kí a ti máa se oúnjẹ alẹ́ Ọjọ́rú. Kì í ṣe òkèlè ni mò ń sọ o, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ àmàlà àná, áḿbọ̀sì ti ọjọ́ mẹ́rin. Ìpìlẹ̀ ọbẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹni tó bá ti ní ata sísè nílẹ̀, tó ní ẹran tàbí ẹja bíbọ̀, tí ẹ̀wà rẹ̀ sì ti wà ní ṣíṣà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó o láti gbé oúnjẹ tó péye síwájú ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ata bẹ̀rẹ̀. Bódìjà ni mo ti máa ń ra tèmi, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Tàtàṣé ni mo máa ń jẹ́ kó pọ̀ jù, tòmátì á tẹ̀lé e, rodo á wà níwọ̀nba nítorí àwọn ọmọ, àlùbọ́sà ò sì gbọdọ̀ kéré. Tí tòmátì bá gbówó lórí nígbà òjò, torí pé Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, màá dín in kù, màá fi tàtàṣé dí i. Ẹ rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta run tòmátì ní oko títí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ọbẹ̀ ò dáwọ́ dúró nílé wa lọ́dún náà, ó sì dùn.

Nílé ìlọta, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi fọ ẹ̀wà tàbí ọ̀gì ẹni tó lọ ṣáájú yín kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Tí ẹ bá délé, ẹ da ata náà sínú ìkòkò ńlá, ẹ gbé e kaná láìfi òróró tàbí iyọ̀ sí i. Níbẹ̀rẹ̀, yóò máa hó wọ̀ọ̀, ìfófòó á gba ojú rẹ̀. Tó bá yá, ohùn rẹ̀ á yí padà, á wá máa ta pọ́ọ́, pọ́ọ́, á máa ta sí èèyàn lápá. Ìgbà náà ni kí ẹ dín iná kù, kí ẹ máa fi ṣíbí onígi ro ìdí ìkòkò kó má baà jóná. Tí ẹ bá fi ṣíbí la àárín rẹ̀ kọjá, tí ẹ rí ìdí ìkòkò, tí ojú ibẹ̀ kò sì tètè padé, omi rẹ̀ ti gbẹ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ bù ú sínú ọ̀rá, ìwọ̀n tí ilé yín ń jẹ lẹ́ẹ̀kan ni kó wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ ọ̀rá náà pẹlẹbẹ kó tó wọ fìríìsà. Títẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ nílùú tí iná ò dúró. Ata tó bá rí pẹlẹbẹ á tètè dì láàárín wákàtí díẹ̀ tí iná bá fi wà, á sì tètè yọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Èyí tí wọ́n bù gànǹbà sínú ike, iná á ti lọ kí àárín rẹ̀ tó dì.

Ẹni tí kò ní fìríìsà, àwọn ìyá wa ti fi tiwọn hàn wá. Wọ́n á din ata náà títí òróró á fi yọ sójú rẹ̀, wọ́n á máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ títí yóò fi hó dáadáa, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ṣíbí tó ti kan ẹnu bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ló wà lọ́kàn mi jù. Ó ń dùn mí pé a ti sọ ẹ̀wà di oúnjẹ ẹni tí kò rówó ra ẹran. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, ó lé ní 20 gíráàmù tó jẹ́ purotéènì, ohun tó ń mú ọmọ dàgbà. Kì í sì í sáré gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè bíi ẹ̀bà tàbí ìrẹsì funfun, èyí tó jẹ́ pé bàbá tàbí ìyá tó ní àtọ̀gbẹ lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, láìsí pé ẹnì kan ń se ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ da omi náà nù kí ẹ tó gbé e kaná. Á tètè jinná, gáàsì ò ní lọ púpọ̀, inú ò sì ní máa kùn. Tí àgbàdo tútù bá ti dé ọjà, àdàlú ti di oúnjẹ alẹ́ nìyẹn, ẹ fi ata díndín àti edé sí i, ẹnikẹ́ni ò ní bèèrè ẹran.

Ní ti mọ́ínmọ́ín, bíbó rẹ̀ làwọn èèyàn ń sá fún, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ sì fẹ́ràn jù nílé mi nìyẹn. A máa ń rẹ ẹ̀wà sínú omi ní ọ̀sán Sátidé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, wọ́n á máa ha á mọ́ra wọn títí èèpo á fi ṣí. Èèpo á léfòó, wọ́n á rọra da omi náà jáde, wọ́n á tún da òmíràn sí i, títí ẹ̀wà á fi funfun nínú abọ́. Èmi á wá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé àti àlùbọ́sà, màá bù ú sínú ewé eéran, màá fi igi ewé náà tẹ́ ìdí ìkòkò. Ọ̀rá ti gba ipò ewé ní ọ̀pọ̀ ilé báyìí, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ọ̀rá sínú omi gbígbóná kí n sì fún ọmọ mi jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù lára mọ́ínmọ́ín náà á wọ fìríìsà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo bá pẹ́ dé, ìkòkò kan àti omi díẹ̀ ni mo nílò, ẹ̀kọ á sì ti wà nílẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò lè ṣàì sọ nípa ẹ̀wà. Àwọn kan wà tó ń da oògùn apakòkòrò sí i nínú àpò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de títa ìgò kéékèèké dichlorvos, ọ̀kan lára àwọn oògùn apakòkòrò náà, láti 2019, ṣùgbọ́n ojú wa ṣì gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí à ń rà. Èmi máa ń fi ẹ̀wà símú gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó sanwó, ẹ̀wà tí kòkòrò díẹ̀ wà nínú rẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tó ń dán láìsí kòkòrò kankan lọ. Kòkòrò ṣeé ṣà kúrò.

Ní ti ẹ̀fọ́, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tí kò dín ní 400 gíráàmù lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé oúnjẹ òyìnbó ni wọ́n ní lọ́kàn, ewé tútù inú àwo. Àwa tí a ní ṣọkọ̀, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ebòlò, wọ̀rọ̀wọ́, ewúro àti ewédú, kí ló kù? Abọ́ ẹ̀fọ́ rírò kan tó kún ti kó apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń sè é ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ má bọ̀ ọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi di ti ewé gbígbẹ. Gbúre ní omi tirẹ̀, ata tó gbẹ ni kó bá nínú ìkòkò. Ẹ̀fọ́ ló yẹ kó wọlé kẹ́yìn, lẹ́yìn irú, lẹ́yìn ẹja, kí ẹ sì paná kété tó bá ti rọ̀. Ewédú rọrùn ju ohunkóhun lọ láàárín ọ̀sẹ̀: omi tó ń hó, ewé, irú, ìjábẹ̀, ó ti parí. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London kì í rí ṣọkọ̀ nítòsí, ẹ̀fọ́ spinach dídì ló ń rà, á fún omi rẹ̀ dà nù dáadáa, á wá ro ó pẹ̀lú irú tó rà ní Peckham. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyán.

Irú yẹn ló mú mi dé ọ̀rọ̀ màgí. WHO kan náà sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ ò gbọ́dọ̀ tó 5 gíráàmù, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, gbogbo iyọ̀ inú búrẹ́dì àti ìpápánu sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí màgí tó wà nílé yín, iyọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ bá nínú àwọn èròjà rẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá da márùn-ún sínú ìkòkò, tó tún wá bu iyọ̀ lé e, kí la fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe? Irú wooro tó bá dára, edé lílọ̀, ẹja yíyan àti àlùbọ́sà tó pọ̀ á gbé ọbẹ̀ dìde láìsí pé màgí ń jọba níbẹ̀. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ ní kò dùn. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, ẹnu wọn á mọ́ ọn.

Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, mo mọ ohun tí ọjà ń ṣe sí wa, ẹ̀wà pàápàá gbówó lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹran kúrò ní ipò ọba. Ṣàwá, ẹyin, edé àti ẹja gbígbẹ ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ara, ilé tó sì ń se oúnjẹ tirẹ̀ kò ní máa fi owó ọbẹ̀ odindi ra ìrẹsì àti adìyẹ díndín fún ẹni méjì lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọkọ tó máa ń sọ pé ẹ kì í jẹ ọbẹ̀ tó ti sùn, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Ìyàwó yín kúrò nílé ní agogo mẹ́fà àárọ̀ bíi tiyín, owó tó ń mú wálé ń san owó ilé ìwé ọmọ. Tí ẹ bá fẹ́ ọbẹ̀ tútù lójoojúmọ́, ìdáná ò ní ilẹ̀kùn tó yọ ọkùnrin sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ń ro àmàlà tí kò ní kókó, bàbá rẹ̀ ló ń yan ẹja, ó sì ń ṣe é dáadáa jù mí lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé lálẹ́ ni yóò yọ ata sílẹ̀ kó yọ́, kò sẹ́ni tó ń dúró de ìyá.

Ẹ tún jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ tètè wáyé, kó tó agogo mẹ́jọ bó bá ṣeé ṣe, kí òkèlè má baà bá èèyàn lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ọ̀nà bá dá dúró títí agogo mẹ́wàá, kí wọ́n má gbé iyán kalẹ̀ dè é. Mọ́ínmọ́ín kan àti ẹ̀kọ kan tó o, tàbí ẹ̀fọ́ àti ẹja rẹ̀ láìsí òkèlè, kí ó jẹ ẹ́ kó sì sùn.