Pàṣán kọ́ ni olùkọ́ ẹṣin

Láti Òṣogbo ni mo ti ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde lórí bí a ṣe ń kọ́ ẹṣin, n kò sì fara mọ́ ibi tí akọ̀ròyìn ti sọ pé pàṣán ni a fi ń tẹ orí ẹṣin ba kí ó tó lè gbẹ̀kọ́. Ray Hunt, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Idaho ní 1929, ti da màlúù lórí ẹṣin kí ó tó di olùkọ́ ẹṣin, ọ̀dọ̀ Tom Dorrance, ará Amẹ́ríkà mìíràn tí ó mọ ẹṣin dunjú, ni ó sì ti kọ́ pé kí ènìyàn jẹ́ kí ohun tí kò tọ́ nira fún ẹṣin, kí èyí tí ó tọ́ sì rọrùn fún un. Bí ẹṣin bá ti gbìyànjú, bí ó ti wù kí ó kéré tó, olùkọ́ a dẹ ìjánu lójú ẹsẹ̀, nítorí ìdẹ̀ra yẹn gan-an ni ẹṣin fi ń mọ̀ pé òun ṣe é bí ó ti yẹ. Ẹran tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ẹṣin. Bí ẹ̀rù bá bà á, sísá ni yóò máa rò, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Xenophon, ọ̀gágun ará Gíríìsì, ti kọ̀wé tako fífi ipá kọ́ ẹṣin ní ohun tí ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Mo bẹ akọ̀ròyìn pé kí ó lọ bá àwọn olùtọ́jú ẹṣin ní Ìlọrin sọ̀rọ̀, kí ó sì gbé èsì wọn jáde.