Kì í ṣe kíka ìrísí sílẹ̀ ló ń mú ẹ̀dá-ìtàn wà láàyè

Ní ìpàdé àwa òǹkọ̀wé kan ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta níbí, ẹnìkan tún fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé kí ẹ̀dá-ìtàn tó lè hàn kedere, òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bí ó ti ga tó àti bí àwọ̀ rẹ̀ ti rí, kí ó sì là á mọ́lẹ̀ bóyá ènìyàn rere ni tàbí ìkà. Ó ní bí àwọn baba wa ṣe ń sọ ìtàn nìyẹn, àti pé àṣà òyìnbó ni kí a máa fi ìwà hàn nínú ìṣe láìdárúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́.

Ẹni tó bá ń fi àwọn baba wa ṣe ẹlẹ́rìí, kí ó lọ tún àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo gbọ́. Yánníbo ń wá ọmọ, babaláwo sì se àsèjẹ fún un, ó kìlọ̀ fún Ìjàpá tí yóò gbé e délé pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Òórùn ọbẹ̀ ta sí i nímú, ó ṣí i wò, ó tọ́ ọ wò, kò sì pẹ́ tí ó fi lá a tán, ni ikùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ṣùgbọ́n olè tí ó jà yìí kọ́ ni ọgbọ́n apàlọ́ ti hàn jù lọ. Inú orin tí Ìjàpá fi padà lọ bẹ babaláwo ni. Ikùn ti rí gbẹndu, ó ń tọrọ ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ òtítọ́, síbẹ̀ gbòǹgbò ni ó ń dá lẹ́bi: gbòǹgbò ló yọ òun, ọwọ́ òun ló ṣèèṣì kan ọbẹ̀ kí ó tó kan ẹnu. Apàlọ́ kò dúró sọ pé òpùrọ́ ni tàbí pé wọ̀bìà ni. Ọmọ kékeré tó ń gbe orin náà ti mọ̀ ọ́n, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bí Ìjàpá ti ga tó, ta ló bèèrè rí? Mo gbà pé àwọn apàlọ́ kan máa ń pè é ní ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kí ìtàn tó gbéra, ṣùgbọ́n bí ìtàn bá parí síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbè é lórin. Ní ti àwọn tó ń fi oríkì gbèjà ara wọn, kí wọ́n tún un gbọ́ dáadáa. Ó kún fún ohun tí baba ńlá ẹni ṣe.

Mo máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ ka ìtàn wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì mọ ohun tí ìgbàgbọ́ yìí ń bà jẹ́. Ọ̀kan kọ̀wé nípa ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú pé ó ga, ó pupa, eyín rẹ̀ funfun, ó sì láwun púpọ̀. Mo kà á tán, n kò rí ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ó kọ ohun tí ìyá náà ń ṣe nínú ìsọ̀. Nínú èyí tí ó tún kọ, ìyá tú ẹrù aṣọ tuntun, kò gé okùn rẹ̀. Ó fi èékánná tú kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká okùn náà, ó sì kì í bọ inú agolo mílíìkì tí irú rẹ̀ ti kún. Ọmọ rẹ̀ wá tọrọ owó ọkọ̀ tí yóò fi dé Lafẹ́nwá. Ìyá gbójú sókè, ó ní, “Oòrùn ti rọlẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Fi ẹsẹ̀ rìn ín, ara á yá ọ.”

N kò mọ àwọ̀ obìnrin náà títí di òní, kò sì dí mi lọ́wọ́. Okùn inú agolo yẹn tilẹ̀ mú kí n máa rò ó bóyá ó ti rí ìgbà tí nǹkan kò sí rí. Bí òǹkọ̀wé náà bá ti pè é ní ahun, n kò ní ro irú èrò bẹ́ẹ̀.

Bí ìtàn bá fẹ́ fo ọdún mẹ́wàá kọjá, tàbí bí ó bá jẹ́ awakọ̀ tí a kò ní rí mọ́, kí òǹkọ̀wé sọ ọ́ ní ṣókí kí ó máa lọ. N kò bá a jà. Ní ti olórí ẹ̀dá-ìtàn, kí òǹkọ̀wé yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi dá a lẹ́jọ́ kúrò, kí ó fún ẹni tí kò ka ìtàn náà rí kà, kí ó sì bi í irú ènìyàn tí ẹ̀dá-ìtàn náà jẹ́. Bí ẹni náà kò bá rí èsì fọ̀, ìṣe ni kò tíì kọ tó.