Àtúnṣe: Àwòrán Emily Kame Kngwarreye ní ìtumọ̀

Wọ́n ń pín in kiri pé àwòrán Emily Kame Kngwarreye, ìyá àgbà ayàwòrán, ọmọ ẹ̀yà Anmatyerr tó jẹ́ onílẹ̀ àtijọ́ ní Ọsirélíà, kò ní ìtumọ̀, pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti kọ́ ọ. Irọ́ ni. Lóòótọ́, láti òde ni batik, ìyẹn àdìrẹ tí a fi ìda ṣe (1977), àti kánfáàsì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àmọ́ ti àwọn ìlà inú àwòrán rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn obìnrin ìran rẹ̀ ti ń kùn wọ́n sára níbi awelye, ayẹyẹ ìbílẹ̀ àwọn obìnrin, tipẹ́tipẹ́. Ẹ wo iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ti 1995 tó wà ní Melbourne, tó fẹ̀ tó mítà 8. Gbòǹgbò irú iṣu tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ìlà funfun wọ̀nyẹn, àti bí ilẹ̀ ṣe ń sán nígbà tí iṣu bá tó ó wà. Àgbẹ̀ tiwa náà mọ àmì yẹn lórí ebè! Alhalkere, ilẹ̀ baba rẹ̀, ló ń yà títí ó fi kú ní 1996.