Ọlọ afẹ́fẹ́ Trapani: omi ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe iyọ̀ lílọ̀

Bí àwòrán ọlọ afẹ́fẹ́ etíkun Trapani, ní erékùṣù Sísílì ní Ítálì, bá ti jáde, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ iyọ̀ òkun. Orúkọ yẹn ló ń ṣì wá lọ́nà: ẹni tó bá gbọ́ "ọlọ", ata ló ń wá sí i lọ́kàn. Lóòótọ́, àwọn kan nínú wọn lọ iyọ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí a gbé dé ìdí ọlọ ti di iyọ̀ ná. Ohun tó mú kí oko iyọ̀, ìyẹn àwọn adágún tí oòrùn ti ń gbẹ omi òkun títí iyọ̀ á fi kù, nílò ọlọ afẹ́fẹ́ gan-an ni omi fífà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nínú lítà kan omi Òkun Mẹditaréníà, iyọ̀ ọbẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 30. Kí tọ́ọ̀nù iyọ̀ kan tó wà, omi òkun tó ju lítà 33,000 lọ gbọ́dọ̀ wọ oko, kódà bí ẹ̀kán omi kan kò bá jò dànù. Ẹni tó bá ń fi korobá onílítà 10 gbọ́n ọn yóò gbọ́n ọn ju ìgbà 3,300 lọ.

Òkun fúnra rẹ̀ ló ń kún adágún àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní fridda: wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn omi nígbà tí òkun bá kún, wọ́n á sì tì í. Àmọ́ òkun ibẹ̀ kì í kún ga. Omi inú fridda kò lè dá gun adágún tó tẹ̀ lé e, vasu cultivu, nítorí ìyẹn ga jù ú lọ. Ibí ni ọlọ ti máa ń wọ iṣẹ́ láyé àtijọ́, kí ẹ̀rọ tó gba ipò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oko.

Apá mẹ́fà onígi ló ní, tí wọ́n ta aṣọ ìgbòkun sí lára. Orí ilé ọlọ náà ṣeé yí kó lè kọjú sí atẹ́gùn. Àgbá kẹ̀kẹ́ eléyín igi á gbé agbára náà sọ̀kalẹ̀ dé ìdí igi gbọọrọ kan tó dà gẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ wé lára bí inú ìkarahun ìgbín ṣe lọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi. Bó ṣe ń yí, ìlọ́ kọ̀ọ̀kan á bu omi, omi á sì máa gùn ún títí yóò fi dà sí òkè. Kì í gbé omi ga, ṣùgbọ́n ó ń gbé e púpọ̀, ẹrẹ̀ àti koríko kì í sì tètè dí i. Igi ni wọ́n fi ṣe é torí pé omi iyọ̀ tètè ń jẹ irin.

Bí atẹ́gùn bá yí padà tí wọn kò yí orí ọlọ tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ni yóò ti fẹ́ lu apá, ó sì lè ya á. Bí ìjì bá dé tí wọn kò ká aṣọ, eyín igi á kán.

Oòrùn àti atẹ́gùn ló ń ṣe ìyókù, láti adágún dé adágún. Ìwọ̀n Baumé ni wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe ki tó. Ní nǹkan bí 13 sí 15, jípsọ̀mù, èròjà funfun kan bí ẹfun tó wà nínú omi òkun, á bẹ̀rẹ̀ sí í silẹ̀. Ní nǹkan bí 26, tí omi bá ti gbẹ kù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, iyọ̀ á hù. Bí wọ́n bá tètè gbé omi kúrò, jípsọ̀mù á bá iyọ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kó kọjá 29, èròjà magnesium inú omi òkun á wọ inú iyọ̀: á korò, á sì máa rin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da omi tó kẹ́yìn nù. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń kó iyọ̀, wọ́n á sì fi awẹ́ amọ̀ ìbolé bo òkìtì rẹ̀ nítorí òjò.

(Ní Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah ní Benin, àwọn obìnrin ń ha ilẹ̀ oníyọ̀, wọ́n á fi omi sẹ́ ẹ, wọ́n á sì gbé e kaná. Iná igi ló ń ṣe iṣẹ́ oòrùn níbẹ̀.)

Ẹni tó bá dé Trapani, kó wo ìdí ilé ọlọ. Bí igi lílọ́ bá wà nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ló máa ń fà láyé àtijọ́. Bí òkúta ọlọ bá wà nínú ilé, iyọ̀ ló máa ń lọ̀.