Inú ẹ̀dọ̀ ni ibà ti ń kóra jọ

Ẹ ṣeun fún ìròyìn tí ẹ kọ lórí ibà, àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lẹ sáré fò. Ẹ ní kòkòrò ibà "ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá" kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Gba inú rẹ̀ kọjá kẹ̀? Ibẹ̀ ló ti ń pọ̀ sí i!

Tí abo ẹ̀fọn Anopheles bá jẹ èèyàn, kòkòrò tó máa tú sí i lára kì í pọ̀. Inú awọ ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí, kó tó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà dé ẹ̀dọ̀. Tó bá débẹ̀, á já wọ sẹ́ẹ̀lì kan, á jáde, á tún já wọ òmíràn, bí olè tó ń yẹ yàrá wò, kó tó wá dúró sínú ẹyọ kan. Kòkòrò kan ṣoṣo yẹn á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, tó bá jẹ́ irú kòkòrò ibà tí wọ́n ń pè ní Plasmodium falciparum. Ní gbogbo àsìkò yẹn, orí ò ní fọ́ni, ara ò ní gbóná. Kódà, tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò ní rí nǹkan kan.

Irú kòkòrò ibà mìíràn, Plasmodium vivax, ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. Ó lè sùn sínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó jí. Oògùn tó ń pa ti inú ẹ̀jẹ̀ kì í ràn án. Oògùn primaquine tàbí tafenoquine ló ń kápá rẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fún èèyàn láìkọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò G6PD, ìyẹn èròjà kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Ẹni tí irú ibà bẹ́ẹ̀ tún kì mọ́lẹ̀ lè má tíì rí ẹ̀fọn kankan láti ìgbà tó ti lo oògùn.