Ẹ bu díẹ̀ fún mi, màá san owó odidi

Ẹ̀yin onílé oúnjẹ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣòfin pé àgbàlagbà ò gbọdọ̀ ra abọ́ ọmọdé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọjọ́ yìí mọ̀ pé mo ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín sísanra kù lọ́dún tó kọjá. Bypass ni, èyí tí wọ́n ti ń pín àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lára àpòlúkù, tí wọ́n á so ó mọ́ ìfun; kì í ṣe sleeve, èyí tí wọ́n ti ń gé ọ̀pọ̀ nínú àpòlúkù kúrò. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é, pé ṣe ni kí n máa sáré yípo pápá, ẹ ti sọ ọ́ tán nígbà yẹn. Ẹ sinmi.) Àpò tí wọ́n ṣẹ́kù fún oúnjẹ nínú mi ò ju ẹyin adìẹ lọ. Bí mo bá jẹ jù, tàbí mo bá kánjú jẹ ẹ́, á há sí mi láyà, itọ́ tó ń hó á kún ẹnu mi. Bó bá jẹ́ nǹkan oníṣúgà ni, á sáré já sínú ìfun, òógùn á bò mí, àyà mi á máa lù kì-kì-kì. Kò sí yẹ̀yẹ́ ńbẹ̀.

Ní Sátidé, a bá ọ̀rẹ́ wa kan ṣe ọjọ́ ìbí nílé oúnjẹ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má béèrè orúkọ ibẹ̀. Mo rí abọ́ ọmọdé nínú mẹ́nù, ìrẹsì díẹ̀ pẹ̀lú adìẹ, mo ní kí wọ́n gbé e wá. Ọmọbìnrin tó wá béèrè ohun tá a fẹ́ jẹ ní, "Ẹ má bínú mà, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 10 la ń tà á fún." Mo ní màá san owó àgbà. Ó ní ẹ̀rọ àwọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dáa, kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi pín ọ̀kan jẹ. Ó nawọ́ sí àkọlé ara ògiri: ẹnì kan, abọ́ kan.

Ibi tá a ti ń fà á ni Màmá tó ni ibẹ̀ ti jáde sí wa. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ọmọ mi, ìwọ̀nba ara tó kù yìí náà lo tún fẹ́ febi pa? Jókòó." Ni wọ́n bá wọlé lọ, ni àmàlà bá dé, òkìtì méjì, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran, ṣàkì, ẹja.

Ìlànà tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn ni pé kí n máa rún gbogbo nǹkan lẹ́nu títí á fi kúnná. Ta ló ń rún àmàlà lẹ́nu? Ṣé kì í ṣe pé a máa ń gbé ọ̀kẹ̀lẹ̀ mì ni? Mo bu bíńtín, mo ń rún un, àwọn tábìlì kejì ń wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé. Omi wà níwájú mi, mi ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ó di ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní 2023, NICE, àwọn tó ń fún àwọn dókítà ní ìlànà níbí, ní kí wọ́n fi 2.5 dín BMI (ìwọ̀n bí èèyàn ṣe wúwo tó sí gíga rẹ̀) tí wọ́n fi ń yan ẹni tó yẹ fún iṣẹ́ abẹ yìí kù fún àwa aláwọ̀ dúdú, torí pé ìtọ̀ ṣúgà àti irú rẹ̀ tètè máa ń mú wa. Wọ́n rántí wa lórí òṣùwọ̀n. Àmọ́ nínú ìwé oúnjẹ tèmi, pasta àti búrẹ́dì ni wọ́n ń kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀, kì í ṣe àmàlà.

Ti ẹran ló wá burú jù. Ẹran, ẹja, ẹyin, àwọn ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ, kí àyè tó tán. Èmi tí ìyá mi gbá létí torí pé mo mú ẹran kí n tó jẹ iyán tán! Wọ̀bìà ni wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ní Sátidé yẹn, mo jẹ ẹran, mo jẹ ẹja, mo fi àmàlà sílẹ̀. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi ní, "Àǹtí, ẹran lẹ bá wá o!" Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: owó ilé wọ́n, gáàsì wọ́n, ẹnì kan ò lè fi abọ́ ọmọdé jókòó wákàtí méjì. Mo gbọ́. Ṣebí mo ní màá san owó odidi?

Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń fún wa ní káàdì kékeré tá a lè fi han ilé oúnjẹ, pé kí wọ́n jẹ́ ká ra díẹ̀. Tèmi wà nínú pọ́ọ̀sì mi lọ́jọ́ yẹn. Ṣé kí n wá yọ ọ́ síta lójú Màmá, níwájú àwọn méjì tí ò mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan? Kó tó di ìsìn Sunday, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á ti gbọ́ pé wọ́n gé ìfun mi.

Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, Màmá ti di ìyókù sínú ike fún mi, wọ́n fi mọ́ínmọ́ín méjì sí i, wọn ò gbowó ẹ̀. Mọ́ínmọ́ín yẹn wọlé wẹ́rẹ́, ó dùn, mo sì ń fi ṣíbí jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí di àná. Báwo lèèyàn ṣe ń bínú sí irú wọn? Mi ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ bóyá abọ́ kékeré ni mò ń jà fún, àbí kí ẹnikẹ́ni má ṣáà béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, kí lẹ máa ń sọ fún wọn? Ẹlòmíì nínú wa ń ṣọjọ́ ìbí lóṣù tó ń bọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ní ká wá.